Ìpara Èjìká

Ìwọ tí o mú ìwé yìí dání, bí o bá jẹ́ ọkùnrin, tí ọjọ́ orí rẹ sì ti kọjá àádọ́ta ọdún, dákun, kọ́kọ́ dìde lọ wo inú àpótí aṣọ rẹ. Bí nǹkan kan bá wà níbẹ̀ tí o ń pa sára, tí ìyàwó rẹ kò mọ orúkọ rẹ̀, pa ìwé yìí dé. Lọ sọ fún un. Má ṣe dúró kí o kà á tán. Ẹ̀rù ló ń bà mí tí mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀ báyìí. Ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ilé ènìyàn dáadáa ni. Wọn kì í jalè. Wọn kì í mu ọtí yó. Ọkọ kì í lu aya. Síbẹ̀, wò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ ilé náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pẹ́ńtà, jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti bọ́ṣọ. Ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ìka méjì wa ìpara nínú ike funfun kan tí kò sí ìwé kankan lára rẹ̀.

"Ẹ rọ èjìká sílẹ̀, Bàbá ọmọ mi. Ẹ le gbagidi bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́."

"Mo ti rọ̀ ọ́."

"Ẹ ò tíì rọ̀ ọ́."

Ohùn tó fi sọ ọ́ wúwo. Ó nípọn, ó há díẹ̀, ìsàlẹ̀ àyà ló ti ń bọ̀. Bí àlejò bá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, yóò rò pé ọkùnrin méjì ló wà nínú yàrá. Bẹ́ẹ̀, lọ́dún tó kọjá, Olóhùn Iyọ̀ ni wọ́n ń pe obìnrin yìí níbi iṣẹ́. Iléeṣẹ́ omi ló ń bá ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ kò bá yọ omi nílé ènìyàn, tí onítọ̀hún bá fi ìbínú pè, òun ló ń gbé fóònù. Ẹni tó bá fi ariwo bẹ̀rẹ̀, tó bá ti gbọ́ "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ má bínú, kí ló ṣẹlẹ̀?" láti ẹnu rẹ̀, ariwo náà á rọlẹ̀. Ọkùnrin kan tiẹ̀ pè nígbà kan pé omi òun ń yọ dáadáa, òun kàn ní kí òun kí wọn ni.

Ó pa èjìká ọ̀tún, ó pa ti òsì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á títí tó fi wọlé. Ìpara díẹ̀ ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Ó fi pa ìgúnpá ara rẹ̀ méjèèjì, ó fi pa ọrùn, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́.

"Kó má baà ṣòfò," ló wí.

Pẹ́ńtà rí i. Ó lanu. Ó tún pa ẹnu dé, ó na ọwọ́ mú ẹ̀wù rẹ̀.

Ìpara yẹn kì í ṣe ti ìrora. Ti họ́mónù ọkùnrin ni. Tẹstositẹ́róònù ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, kí pẹ́ńtà tó fa páálí náà ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà. Ara ló ń rẹ̀ ẹ́ nígbà náà. Ó máa ń dúró ní agbedeméjì àkàbà kó lè mí. Tó bá di orí bẹ́ẹ̀dì, a kọjú sógiri. Kò lọ bá dókítà, kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ṣọ́ọ̀bù oògùn kan tí àwọn bíríkìlà júwe fún un ló lọ. Ọkùnrin tó tà á fún un sọ pé, "Bàbá, tẹ́ ẹ bá pa á tán, ẹ fọwọ́ o. Ẹ má sì jẹ́ kí obìnrin fara kan ibẹ̀." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Pẹ́ńtà náà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àpárá tí ọkùnrin ń bá ọkùnrin dá ni.

Nígbà tó délé, ìyàwó bi í pé kí ni. Ó ní, "Ti èjìká ni." Ta ni yóò bá pẹ́ńtà jiyàn pé èjìká kò dùn ún? Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń na ọwọ́ sókè kun àjà ilé onílé. Ìyàwó ní ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé ẹ̀yìn, kó gbé e wá. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ti di oṣù mẹ́wàá.

Okun sì dé, mi ò ní purọ́. Ó ń gun àkàbà, ó ń súfèé. Kò kọjú sógiri mọ́. Inú ìyàwó rẹ̀ dùn, ó rò pé ọwọ́ òun ló wo èjìká ọkọ òun sàn.

Nínú kíṣìnì, ẹ̀gbọ́n pẹ́ńtà obìnrin ń din ẹyin. Ọjọ́ méjì péré ló ní òun fẹ́ lò lọ́dọ̀ wọn. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni ìyàwó wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Àbúrò mi, o jí?" Ẹ̀gbọ́n kò kọ́kọ́ yíjú. Ìgbà tó yíjú, ó gbé ṣíbí dúró. "Áà! Ìyàwó ni. Má bínú o. Mi ò mọ èyí tó ń jẹ́ ọkọ nínú ẹ̀yin méjèèjì mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni pẹ́ńtà wí, "ẹ fi sílẹ̀."

"Kí ni mo ṣe? Mo bú un ni? Oúnjẹ ni mo ní kó wá jẹ. Ẹyin mẹ́rin ni mo din. Méjì méjì fún ọkùnrin, èmi obìnrin á jẹ búrẹ́dì lásán."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bú jáde gbùù, ó sì yára gé e. Ó fa ìborùn kékeré tó wé sọ́rùn sókè kó lè bo àgbọ̀n. Ó ti fá àgbọ̀n náà ní ìdájí pẹ̀lú abẹ ọkọ rẹ̀. Ibì kan gé, ó fi ìwé kékeré lẹ̀ ẹ́.

"Àgbọ̀n rẹ ń ṣẹ̀jẹ̀," ni Ẹ̀gbọ́n wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Kò sì sọ ohun mìíràn. Ó ti àwo ẹyin sí i níwájú.

Wọn kò jẹ ẹ́ tán. Ọjọ́ yẹn ni dókítà ní kí wọ́n wá gbọ́ èsì ẹ̀jẹ̀ ìyàwó, ó sì ní kí ọkọ rẹ̀ bá a wá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti kọ́kọ́ ya iléeṣẹ́ omi, torí ọ̀gá ìyàwó ránṣẹ́ pé kó rí òun kó tó lọ ibikíbi.

Yàrá fóònù wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Tábìlì mẹ́rin, fóònù mẹ́rin, fáànù kan tó ń mi orí bí ẹni tó ń sọ pé rárá. Pákó tínrín ni wọ́n fi là á kúrò lára ọ̀dẹ̀dẹ̀. Pẹ́ńtà jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀gá kò tíì dé. Fóònù tábìlì ìyàwó dún. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta yòókù wo ara wọn. Ó ń dún lọ. Ìyàwó gbé e.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Iléeṣẹ́ omi nìyí. Ẹ má bínú, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó dákẹ́, ó ń gbọ́. Ó tún ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ mélòó ló ti dá?" Ó tún dákẹ́. "Rárá o, kì í ṣe ọ̀gá. Èmi ni... Èmi náà ni. Obìnrin tó máa ń dá yín lóhùn ni mo jẹ́." Ó tún fetí sílẹ̀. "Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, sà."

Wọ́n já fóònù mọ́ ọn lójú. Pẹ́ńtà gbọ́ bó ṣe gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé ọmọ tó sùn sórí ẹní.

Ọ̀gá dé. Obìnrin sànmọ̀rí kan ni, ó máa ń kúnlẹ̀ kí ìyàwó tẹ́lẹ̀ torí pé ìyàwó dàgbà jù ú lọ. Lọ́jọ́ yìí, ó dúró ni.

"Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ lọ máa bá wọn to fáìlì nísàlẹ̀, títí ara yín á fi yá."

"Ara mi ò dùn mí."

"Mo mọ̀, Ìyá. Àwọn tó ń pè ni. Wọ́n ní a gba ọkùnrin sídìí fóònù, kó máa ṣe bí obìnrin láti fi wọ́n ṣeré."

"Tó bá jẹ́ ti ọ̀fìnkìn ńkọ́?"

"Ọ̀fìnkìn oṣù mẹ́fà, Ìyá?"

Ẹnì kan nínú àwọn mẹ́ta ti ń sunkún. Ìyàwó ṣí dúróà tábìlì rẹ̀, ó kó súwẹ́tà rẹ̀, ó kó ife tíì rẹ̀. Nígbà tó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ́ńtà dìde, ó gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ ohun tí ọwọ́ òun tún lè ṣe.

"Ẹ gbọ́?" ni ìyàwó bi í.

"Mi ò gbọ́ dáadáa."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Ilé ìwòsàn kún. Wọ́n jókòó títí oòrùn fi dé àárín ọ̀run. Ìyàwó kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá kí i, a mi orí, a rẹ́rìn-ín músẹ́. Nọ́ọ̀sì pe orúkọ rẹ̀, ó dáhùn, gbogbo ènìyàn sì yíjú wá ọkùnrin tó dáhùn.

Dókítà jẹ́ ọmọbìnrin kékeré kan tó lè jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ wọn. Ó fa àga fún àwọn méjèèjì. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó tún un wò.

"Màámi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Gbogbo obìnrin ló ní họ́mónù ọkùnrin díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Tiyín ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó pọ̀ gan-an. Òun ló ń hu irun sí yín lágbọ̀n. Òun ló fa ohùn yín wálẹ̀."

"Níbo ló ti wọ̀ mí lára?"

"Ohun tí èmi náà ń wá nìyẹn. Nígbà mìíràn, kókó kan máa ń wà nínú ikùn tó ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀."

"Kókó." Ìyàwó fi ọwọ́ kan ikùn. "Ṣé jẹjẹrẹ ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o, mà. A ó ya àwòrán inú yín lọ́la, ní kùtùkùtù. Ẹ má jẹun wá. Tí a bá rí i, wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n á yọ ọ́." Ó gbé bírò. "Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ bi yín ná. Ṣé ẹ ń lo oògùn kankan?"

"Rárá."

"Nínú ilé yín, ṣé ẹnikẹ́ni wà tó ń pa oògùn kankan sára? Ìpara, òróró, ohunkóhun?"

"Kò sí o. Àfi ti bàbá wọn yìí, tó ń fi sí èjìká. Ti ìrora lásán ni. Pẹ́ńtà ni wọ́n, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn le."

Dókítà kọjú sí pẹ́ńtà. "Bàbá, kí lorúkọ rẹ̀?"

Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ yé e. Kì í ṣe pé kò fura rí. Láti bí oṣù mẹ́rin ló ti ń fura, ṣùgbọ́n ìfura yẹn, ó máa ń lé e jáde ni bí a ṣe ń lé adìẹ. Nísinsìnyí, kò sí ibi tó lè lé e sí. Ó gbójú sókè sí ara ògiri lẹ́yìn orí dókítà. Iṣẹ́ burúkú ni wọ́n ṣe síbẹ̀. Ọ̀dà ìpele kan ni wọ́n kùn níbi tó yẹ kó jẹ́ mẹ́ta, irun búrọ́ọ̀ṣì sì gbẹ mọ́ ọn. Ó ń wo irun búrọ́ọ̀ṣì náà.

"Bàbá?"

"Ti ìrora ni, Dókítà. Wọ́n ń tà á káàkiri."

"Ṣé ẹ lè mú un wá lọ́la?"

"Ó ti tán."

Ìyàwó yíjú wò ó. Òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wa ìpara nínú ike náà láàárọ̀. Ó mọ̀ pé kò tíì dé ìdajì. Ṣùgbọ́n kò já ọkọ rẹ̀ nírọ́ níta. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbà á lọ́kàn ara rẹ̀ pé bóyá ojú ń tì í láti gbé ike tí kò ní orúkọ wá síwájú dókítà.

"Dókítà," ló wí, "ohùn mi ńkọ́? Tí wọ́n bá yọ kókó náà?"

Ọmọbìnrin náà fi bírò sílẹ̀. "Irun lè dín kù, Màámi. Nǹkan mìíràn lè padà bọ̀ sípò. Ohùn ni... Ohùn tó bá ti wálẹ̀ báyìí, kì í sábà tún gòkè mọ́. Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ fún yín."

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, nọ́ọ̀sì ní kó dúró.

Wọ́n fẹsẹ̀ rìn padà. Ọ̀nà náà jìn, ṣùgbọ́n ìyàwó kò fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì, torí ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì ní láti sọ ibi tó ń lọ. Pẹ́ńtà ra búrẹ́dì gbígbóná fún un. Ó gbà á, ó mú un dání, kò jẹ ẹ́.

"Bí wọ́n bá là mí," ni ìyàwó wí, "tí mi ò bá jí mọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín kó aṣọ mi. Ti ọmọ wa ni."

"Má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo sọ ọ́ ni."

"Kò sí ohun tó máa ṣe ọ́."

"Ṣé ẹ̀yin ni dókítà ni?"

Pẹ́ńtà dúró sójú ọ̀nà. Ìyàwó rìn síwájú díẹ̀ kó tó mọ̀ pé ó ti dúró. Ó padà wò ó. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ọkùnrin yẹn nígbà náà, ó ti dé orí ahọ́n. Kẹ̀kẹ́ kan kọjá, ẹni tó gùn ún tẹ aago. Pẹ́ńtà ní, "Òkúta ló wọ bàtà mi." Ó bọ́ bàtà náà, ó gbọ̀n ọ́n. Kò sí òkúta níbẹ̀.

Nídìí ẹ̀rọ omi ilé wọn, aránṣọ tó ń gbé yàrá kejì ń fọ aṣọ, òun àti obìnrin kan tó máa ń ta búrẹ́dì. Wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan bọ̀. Bí wọ́n ṣe rí tọkọtaya náà, wọ́n gé e, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn kíkankíkan.

"Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ìrìn! Oòrùn yìí mà pọ̀ o!"

Ìyàwó mi orí. Nígbà tó wọlé tán, pẹ́ńtà dúró díẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ó sì gbọ́ wọn.

"Mo ní ó ń gbé nǹkan mì ni. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbé e mì kí ara wọn lè le."

"Irọ́ ni. Ọtí ni. Ọtí ló ń ba ohùn jẹ́ báyẹn."

"Obìnrin yẹn? Tí kì í mu ju tíì lọ?"

"Ìwọ ló mọ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ṣe mí láàánú. Wò ó bó ṣe ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn kiri, tó ń bá a gbé ife. Ọkùnrin dáadáa."

"Tèmi ì bá ti lọ fẹ́ ẹlòmíràn."

Ọkùnrin dáadáa. Pẹ́ńtà gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀ wẹ́rẹ́ bí olè.

Nínú ilé, Ẹ̀gbọ́n ti dìde dúró. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kókó lè wà níkùn mi, mà. Wọ́n fẹ́ yà á wò lọ́la. Wọ́n lè là mí."

Ẹ̀gbọ́n wo ẹnu rẹ̀ bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó jókòó. Ó tún dìde. Gbogbo àwàdà òwúrọ̀ ti kúrò lójú rẹ̀.

"Ìyàwó mi, wá jókòó. Ìwọ jókòó. Ẹnu mi yìí ni kò dára. Ẹnu mi ni kò dára láti kékeré, bi àbúrò mi." Ó ń nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Èmi ni màá se oúnjẹ lónìí. Èmi ni màá fọ abọ́. Tí wọ́n bá là ọ́, èmi ni màá jókòó tì ọ́."

"Ẹ ṣé mà."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, jàre."

Fóònù dún lórí tábìlì. Ọmọ wọn ni, èyí tó ti wọ ilé ọkọ ní ìlú mìíràn. Ìyàwó ló sún mọ́ ọn jù. Ó gbé e, ó ní, "Ọmọ mi."

Fóònù náà ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo yàrá fi ń gbọ́ ohun tí ọmọ ń sọ.

"Ẹ káàsán sà, Bàbá mi. Mi ò ní àlàáfíà láti àárọ̀, ọkàn mi ò balẹ̀. Kí ni dókítà wí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù fún Màámi, kí n gbọ́ ohùn wọn."

Ìyàwó mú fóònù náà létí. Kò ní "èmi ni." Ó na fóònù sí ọkọ rẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

"Haló? Haló, Bàbá mi?"

"Màámi rẹ... Màámi rẹ ń sinmi," ni pẹ́ńtà wí. "Màá pè ọ́."

Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò rẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Kí ló ń ṣe ìwọ náà? Ojú rẹ funfun bí ògiri tí o máa ń kùn." Pẹ́ńtà tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá.

Ìyàwó jókòó sílẹ̀, ó da ẹ̀wà sínú atẹ, ó ń ṣà á. Èyí tí kòkòrò ti jẹ, a jù ú sí apá kan. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọlé láti fèrèsé, ó bọ́ sí ọrùn rẹ̀, ó sì hàn pé gògóńgò bíi ti ọkùnrin ti yọ gọngọ níbẹ̀. Pẹ́ńtà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ bọ́ ẹ̀wù yín," ni ìyàwó wí.

"Kí ló dé?"

"Ìdájí ni mo ní láti jáde lọ́la. Bóyá wọ́n á dá mi dúró níbẹ̀ pàápàá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọ̀la pa á fún yín nísinsìnyí. Ta ni yóò bá yín pa á?" Ó ti dìde, ó ti lọ gbé ike náà níbi tó wà. Ó ṣí i, ó wò ó. "Ẹ sì ní ó ti tán. Mo mọ̀ pé ojú ló ń tì yín. Ọkùnrin!" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ti ìka méjì bọ inú rẹ̀, ó sún mọ́ ọn.

Pẹ́ńtà fò dìde, ẹ̀yìn rẹ̀ gbá ògiri.

"Má fọwọ́ kàn án!"

"Kí ló ṣe yín?"

"Lọ fọwọ́. Jọ̀ọ́. Lọ fọwọ́ rẹ."

Ó dúró pẹ̀lú ìka tó ti fi ìpara kùn, ó ń wò ó. Kò lọ fọwọ́.

Ìgbà náà ni pẹ́ńtà sọ ọ́. Kò sọ ọ́ dáadáa. Ó ti àárín bẹ̀rẹ̀, ó padà sẹ́yìn, ó sọ nípa àkàbà, ó sọ nípa àwọn bíríkìlà, ó sọ nípa ọkùnrin tó rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó dárúkọ ohun tó wà nínú ike. Ó ní òun ò mọ̀ pé yóò dà báyìí. Ó ní èjìká kò dun òun rí. Nígbà tó sọ ìyẹn, ohùn rẹ̀ já.

Ìyàwó nu ìka rẹ̀ mọ́ etí ike náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ó dé e. Ó gbé e sílẹ̀.

"Ẹ ń wò mí. Mo ń fi pa ọrùn mi, ẹ ń wò mí."

"Ìyá ọmọ mi..."

"Nígbà tí Dókítà bi yín lónìí, ṣé ẹ ti mọ̀?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ fẹnu sọ ọ́."

"Mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Ọmọ kékeré ni. Ó jọ ọmọ wa. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ níwájú rẹ̀ pé èmi... pé mi ò lè..." Ó fi ọwọ́ bojú. "Ojú ló tì mí."

"Kí wọ́n sì là mí níkùn."

"Rárá! Wọn ò ní là ọ́ mọ́!" Ó gbójú sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yọ̀. "Ṣé o rí i, kò sí kókó kankan! Kò sí jẹjẹrẹ. Mo máa sọ fún Dókítà ní ìdájí ọ̀la, fúnra mi. Màá gbé e dání lọ. A ó dá a dúró, ara rẹ á padà bọ̀ sípò, wàá..."

Ó dúró síbẹ̀. Àwọn méjèèjì ló gbọ́ ohun tí dókítà sọ nípa ohùn.

Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n rọra kúrò, ó padà sí kíṣìnì. Ìkòkò kan dún.

Ìyàwó jókòó padà sídìí atẹ ẹ̀wà. Ó ṣa ọ̀kan. Ó ṣa èkejì. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò pariwo. Kò tiẹ̀ wò ó.

"Ohùn yìí, tìẹ ni. Mi ò fi bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ìyá ọmọ mi."

Ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Bú mi. Dákun, bú mi, kí gbogbo àdúgbò gbọ́. Pe àwọn aránṣọ wọlé kí n sọ ọ́ lójú wọn. Sọ ohun tó bá wù ọ́." Ó ti kúnlẹ̀ síwájú atẹ náà, òun ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. "Sọ ẹyọ kan péré."

Ẹ̀wà ń bọ́ sínú abọ́, táà, táà.

Ẹ̀gbọ́n yọjú. Kò wo àbúrò rẹ̀ rárá. "Ìyàwó mi," ó rọra wí, "ìdérí ìkòkò ńlá dà? Mo wá a, mi ò rí i."

Ìyàwó lanu. Èémí ti wọlé. Ó wo ọkùnrin tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó pa ẹnu dé, ó sì fi ìka júwe abẹ́ tábìlì fún Ẹ̀gbọ́n.